Kí ni wọ́n ń pè ní blockbuster nínú fíìmù?

Blockbuster ni fíìmù tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti pinnu láti ìbẹ̀rẹ̀ pé tọmọdé tàgbà gbọ́dọ̀ ya lọ wò ní ọ̀sẹ̀ tó bá jáde gan-an. Wọ́n á náwó rẹpẹtẹ sí yíyà rẹ̀, wọ́n á tún da owó ńlá mìíràn sórí ìpolówó, wọ́n á wá tú u sílẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún sinimá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí àwọn ọ̀dọ́ wa ní Kàbà, Mọ̀pà tàbí Ìsánlú bá ní fíìmù kan "ta gan-an", ètò yìí ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Fíìmù ńlá á kọ́kọ́ wọ sinimá díẹ̀ ní àwọn ìlú ńlá, owó tíkẹ́ẹ̀tì á wọ́n, á sì pẹ́ níbẹ̀ kó tó rìn dé àwọn ìlú kéékèèké. Bí Gone with the Wind ti ọdún 1939 ṣe rìn nìyẹn. Fíìmù tí ẹni tó ṣe é fúnra rẹ̀ mọ̀ pé kò dára ni wọ́n máa ń dà sí ibi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí owó lè wọlé kí èèyàn tó sọ fún ara wọn pé kò dùn.

Jaws ló yí i padà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Universal gbé e jáde ní sinimá 409, lẹ́yìn tí wọ́n ti ná nǹkan bí 700,000 dọ́là sórí ìpolówó tẹlifíṣàn. Àsìkò ìsinmi ni, tí èèyàn ń wọ́ lọ sí etíkun, fíìmù ẹja àkúrákúdà tó ń jẹ èèyàn sì bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Yíyà rẹ̀ kò rọrùn rárá. Omi iyọ̀ òkun ń ba ẹ̀rọ inú àkúrákúdà onírin tí wọ́n ṣe jẹ́. Ọjọ́ 55 tí wọ́n dá di 159, owó náà sì gòkè dé bíi mílíọ̀nù 9 dọ́là, ó ju ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n gbèrò lọ. Nígbà tí ẹja kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, Steven Spielberg tó darí fíìmù náà fi orin, àgbá tó léfòó lórí omi àti ojú àwọn òṣèré rọ́pò rẹ̀. Ẹ tún un wò: ó lé ní wákàtí kan kí ẹja náà tó yọjú dáadáa, ẹ̀rù sì ti ba gbogbo èèyàn tán.

Star Wars tẹ̀lé e ní 1977. Sinimá 32 péré ló kọ́kọ́ wọ̀. Ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ni pé George Lucas tó darí rẹ̀ di ẹ̀tọ́ ohun ìṣeré àti ti apá kejì mú. Nígbà tí Kérésìmesì ọdún náà dé, àwọn bèbí inú rẹ̀ kò tíì ṣetán, ni wọ́n bá ń ta páálí tó ní ìwé nínú, tí ọmọ máa fi gba bèbí tirẹ̀ tó bá yá. Àwọn òbí rà á!

Kí ló ń fà wá sí i? Ìtàn rẹ̀ máa ń ṣeé sọ ní gbólóhùn kan, kò sì sí ẹni tí kò ní yé. Idán kọ̀ǹpútà ń ràn án lọ́wọ́, àmọ́ kì í ṣe pípọ̀ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́: nínú Jurassic Park (1993), nǹkan bí ìṣẹ́jú 6 péré ni kọ̀ǹpútà fi ya àwọn dáínósọ̀, ìyẹn ẹranko ńlá ayé àtijọ́ tó wà nínú rẹ̀, èyí tó kù jẹ́ ère ẹlẹ́rọ tó ń mira. Lójú tiwa, èrò tó pé jọ ni olórí rẹ̀. Bí ìlú Ògìdì bá ń ṣọdún, ẹni tó jókòó sílé lè gbọ́ ìlù, ṣùgbọ́n kò lè wọ̀ ọ́ lára bíi ti ẹni tó wà lójú agbo. Ẹ̀rín tí igba èèyàn bá jọ rín nínú òkùnkùn kò sí lórí fóònù.

Ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù ni ìṣirò owó. Gbogbo owó tíkẹ́ẹ̀tì ni iye tí wọ́n ń kéde, kì í ṣe èrè. Sinimá á mú bí ìdajì. Ní Ṣáínà, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń kan ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà. Owó ìpolówó kò sì sí nínú iye tí wọ́n ní àwọn fi ya fíìmù. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà fi ń sọ pé fíìmù tí wọ́n fi mílíọ̀nù 200 dọ́là ya gbọ́dọ̀ pa tó mílíọ̀nù 500 kó tó bọ́ lọ́wọ́ gbèsè. Ẹ máa wo ọ̀sẹ̀ kejì pẹ̀lú. Bí owó bá já wálẹ̀ dé ìdajì, kò burú. Bó bá já ju ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, àwọn tó kọ́kọ́ wò ó ti ń sọ fún ará ilé wọn pé kí wọ́n má ṣe yọ ara wọn lẹ́nu. Fíìmù lè já wọ́n kulẹ̀ pátápátá: bíi mílíọ̀nù 44 dọ́là ni wọ́n fi ya Heaven's Gate (1980), mílíọ̀nù 3 àti díẹ̀ ló pa.

Nílẹ̀ wa, Hubert Ogunde ti mọ ọgbọ́n kíkó èrò jọ kí sinimá ìgbàlódé tó dé: ìlú dé ìlú ni wọ́n ń gbé Aiye (1979) rẹ̀ kiri fún àwọn èèyàn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni A Tribe Called Judah ti Funke Akindele jáde, òun sì ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọjá bílíọ̀nù kan náírà ní sinimá nílé. Wọn kò ṣèèṣì mú oṣù Kejìlá, nítorí ìgbà náà ni ọwọ́ dilẹ̀ tí tẹbí tọ̀rẹ́ sì ń jáde pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò: bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ₦4,000, èèyàn 250,000 ló ń mú bílíọ̀nù kan wá, bó bá jẹ́ ₦2,000, èèyàn 500,000 ni. Fíìmù òní lè borí ti àtijọ́ nínú owó, kí èrò ti àtijọ́ sì pọ̀ jù ú lọ. Lẹ́yìn tí ìjọba bá mú owó orí ọjà, tí sinimá àti ẹni tó ń pín fíìmù kiri mú tiwọn, ohun tó ń kan ẹni tó ṣe é kì í tó ìdajì.

Ẹ̀dà tí wọ́n ń fi sí mẹ́mọ́rì káàdì fún wa kò sí nínú ìṣirò kankan, bí ẹgbẹ̀rún èèyàn tilẹ̀ wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ kí fíìmù tó fẹ́ràn pẹ́ ní sinimá, tí ọ̀nà rẹ̀ sì já sí Àbújá, kó ra tíkẹ́ẹ̀tì láàárín ọjọ́ Jímọ́ọ̀ àti Àìkú àkọ́kọ́. Iye tó bá wọlé lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn ni sinimá ń wò kó tó pín gbọ̀ngàn àti àkókò fún ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, fíìmù tí èrò rẹ̀ kò pọ̀ sì lè bọ́ sí aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí gbogbo èèyàn wà níbi iṣẹ́.