Ẹ Má Fi Ìwé Ẹ̀rí Nìkan Gba Olùkọ́ fún Àwọn Nọ́ọ̀sì Akunnilóorun

Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn ènìyàn ń bá wá sọ́dọ̀ mi lẹ́nu ìgbà yìí, láti Ìlọrin títí dé Ọ̀fà àti Òmù-Àrán. Àwọn kan jẹ́ olórí ẹ̀ka ìmọ̀ nọ́ọ̀sì tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn ń pète láti gbé ẹ̀kọ́ ìkunnilóorun, ìyẹn fífi òògùn mú aláìsàn sùn fún iṣẹ́ abẹ, dé ipele ọ̀mọ̀wé, wọ́n sì ń fẹ́ kí n bá wọn wá olùkọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ṣá ti ní oyè ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́. Àwọn yòókù ni ẹni tó ń wá iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, tàbí òbí àti àna rẹ̀, tí wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n bá àwọn fi ọ̀rọ̀ náà sí ìgbìmọ̀ tó ń yan olùkọ́ létí. Mo fẹ́ sọ ọ́ ní gbangba kí ó lè yé gbogbo wa: n kò ní fọwọ́ sí olùkọ́ tí kì í wọ tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ.

Amẹ́ríkà ni ètò ọ̀mọ̀wé yìí ti ràn dé ọ̀dọ̀ wa. Láti oṣù kìíní ọdún 2022, akẹ́kọ̀ọ́ ìkunnilóorun kankan kò lè wọlé lọ́hùn-ún bí kò ṣe sínú ètò tí yóò parí sí oyè ọ̀mọ̀wé, ètò náà kò sì gbọdọ̀ dín ní ọdún mẹ́ta. Kí ó tó wọlé pàápàá, ó gbọ́dọ̀ ti fi ó kéré tán ọdún kan tọ́jú àwọn tí àìsàn wọ̀ lára gan-an. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti pẹ́ ju oyè náà lọ. Ní ọdún 1906, Alice Magaw, nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn Mayo, tẹ àkọsílẹ̀ jáde lórí àwọn aláìsàn tó lé ní 14,000 tí wọ́n kùn lóorun, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí òògùn oorun náà pa. Obìnrin náà kò ní oyè ọ̀mọ̀wé. Mo máa ń sọ èyí sétígbọ̀ọ́ ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ọmọ-ọ̀dọ̀ dókítà ni nọ́ọ̀sì akunnilóorun.

Ìṣòro tó wà lọ́hùn-ún náà ló ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá múṣémúṣé ń gba owó ní tíátà ju èyí tí yunifásítì lè san lọ, nítorí náà kì í fẹ́ wá kọ́ni. Ẹni tó sì rọrùn fún láti wá ni ẹni tí tíátà kò wá mọ́. Ní Ìlọrin níbí, kò sí òbí tí yóò mú ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ òfì híhun lọ́dọ̀ ẹni tó mọ ìtàn òfì dáadáa ṣùgbọ́n tí kò jókòó sídìí rẹ̀ rí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń bà mí lẹ́rù. Nígbà tí òògùn bá ti dẹ gbogbo iṣan aláìsàn, kò lè fúnra rẹ̀ mí mọ́. Àwa là ń mí fún un. A ó ti rọ́bà kan bọ gògóńgò rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè dé ẹ̀dọ̀fóró, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà èémí àti ẹnu ọ̀nà oúnjẹ súnmọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí, rọ́bà náà sì lè ṣìnà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ọ̀gá tàbí akẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá wọ ọ̀nà oúnjẹ, ẹ̀rọ tí a fi há aláìsàn lọ́mọ ìka, tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, yóò ṣì máa ka 98 tàbí 99 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí pé ọ́síjìn tí a ti fún un fà símú kí ó tó sùn ṣì kù nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó lè tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí nọ́ńbà náà tó já wálẹ̀, àyàfi lára aboyún àti ẹni tó sanra púpọ̀ tí ó ti ń tètè já, bẹ́ẹ̀ ọpọlọ kì í fara da àìsí ọ́síjìn ju bí ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Ẹ̀rọ kejì, capnograph, tó ń wọn afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí inú èémí tó ń jáde, ló ń sọ òótọ́ láàárín èémí díẹ̀. Bí ìlà ojú rẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ má wo ọmọ ìka, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn: ẹ yọ rọ́bà náà, kí ẹ fi báàgì àti ìbòmú fún aláìsàn ní ọ́síjìn.

Ohun tí a ó ṣe bí ìlà yẹn bá tẹ́ tí nọ́ńbà ọmọ ìka sì ṣì ga, ìbéèrè yìí gan-an ni mo bi ọkùnrin kan nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ kan, tí n kò ní dárúkọ, pè mí sí ìgbìmọ̀ tó ń yan olùkọ́. Ọ̀mọ̀wé ni, gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dùn, ìwé tó ti kọ jáde sì pọ̀ lórí tábìlì. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí nọ́ńbà ọmọ ìka bá ṣì ga, kò séwu, kí a máa wò ó. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ń mi orí sí i. Inú bí mi débi pé mo dìde. Aláìsàn tí a bá ń wò báyẹn yóò kú lójú wa, ọkùnrin náà yóò sì ti kọ́ ogún akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀nà tí wọn yóò gbà máa wò ó.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni arábìnrin kan wọlé, tó ti pẹ́ ní tíátà, tí kò tíì parí oyè ọ̀mọ̀wé tirẹ̀. N kò tíì parí ìbéèrè náà tó ti dáhùn. Òun ni wọ́n dá padà, nítorí ìwé. Èmi kò fọwọ́ sí ti ọkùnrin náà, ọ̀rọ̀ sì dojú rú. Láìpẹ́, àwọn ẹbí rẹ̀ rán àgbààgbà wá sílé mi, wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́ pé ayé ń dí ọmọ àwọn lọ́nà. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, mo sì sọ fún wọn pé kì í ṣe ayé, kì í ṣe àbíkú iṣẹ́, kò sì sí àdúrà tí yóò rọ́pò gbígbé rọ́bà lọ́wọ́. Kí ọmọ wọn padà sí tíátà fún ọdún díẹ̀.

Àwọn tó burú jù ni àwọn tó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí fún ẹlòmíràn gbowó. Ẹni tó ra ìwé ọ̀mọ̀wé tirẹ̀ kò lè tọ́ ọmọ sọ́nà nínú ìwádìí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ mọ ìdí tí a fi ń febi pa aláìsàn láti òru mọ́jú títí di ọ̀sán, nígbà tí ìlànà gba omi lásán títí di wákàtí méjì kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, ó nílò ẹni tí mátíróònù àti dókítà oníṣẹ́ abẹ mọ̀, tí wọn yóò ṣílẹ̀kùn fún, tí yóò sì mọ ìgbà tí àkọsílẹ̀ tí wọ́n kó fún un jẹ́ irọ́. Ìyẹn ni mo ń pè ní atọ́nà.

Nítorí náà, kí yunifásítì kọ́kọ́ bá ilé ìwòsàn ṣe àdéhùn pé olùkọ́ yìí yóò máa wà ní tíátà ní ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, kí àwọn méjèèjì sì jọ pín owó oṣù rẹ̀. Kí wọ́n gba irú arábìnrin tí mo sọ yẹn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ tíátà, kí wọ́n sì san owó oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ pẹ̀lú ìwé àdéhùn pé kò ní lọ. Kí ìpolówó iṣẹ́ náà béèrè ìwé àkọsílẹ̀ àwọn tí olùbéèrè ti kùn lóorun láàárín ọdún méjì tó kọjá, kí ọ̀gá tíátà fọwọ́ sí i. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ti ṣe èyí lè pè mí, n ó sì fún un ní orúkọ àwọn tí mo lè dúró fún.