Kí ló ń mú yanrìn dúró, kí ló sì ń mú un ya lulẹ̀?

Ìbéèrè: Bí òjò bá dá ní Abẹ́òkúta níbí, ọmọ mi a ki ẹsẹ̀ bọ yanrìn tí típà dà síwájú ilé wa, a gbá yanrìn lé ẹsẹ̀ náà lórí, a sì rọra fà á yọ, ihò tó kù ni ó ń pè ní ilé. Kí ló dé tí kì í wó títí oòrùn yóò fi mú? Ǹjẹ́ mo lè jẹ́ kí ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ṣeré ní kòtò tí wọ́n ti ń wa yanrìn?

Ìdáhùn: Omi ni ó ń mú un dúró. Hóró yanrìn kì í lẹ̀ mọ́ ara wọn bí amọ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin díẹ̀ bá wà láàárín wọn, omi tín-ín-rín náà a máa fa ọ̀kan mọ́ èkejì. Bí oòrùn bá gbẹ ẹ́ tán, kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀ mọ́. Bí omi bá sì kún gbogbo àlàfo àárín wọn, ìfàmọ́ra náà a pòórá.

Ohun yìí gan-an ni ó ń tan ènìyàn jẹ nínú kòtò. Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣọ́bìrì gé a máa dúró gbọnrangandan bí ògiri tí bíríkìlà mọ, bẹ́ẹ̀ oòrùn ọ̀sán, òjò, tàbí típà tó kọjá létí rẹ̀ tó láti mú un ya lójijì. Àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, bí ó bá kún fún yanrìn, yóò wúwo tó 1,500 kìlógíráàmù. Ọmọ tí yanrìn bá bò dé àyà kò ní lè mí dáadáa, nítorí pé bó ti ń mí síta ni yanrìn ń fún un mọ́ sí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó débẹ̀.

Ìbéèrè: Níbo ni kí ó ti ṣeré?

Ìdáhùn: Níwájú ilé yín náà ni. Ẹ fi pákó yí ibi kékeré kan ká, kí yanrìn rẹ̀ má jìn ju orúnkún ọmọ lọ, kí ẹ sì máa bò ó lálẹ́ nítorí ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti ológbò. Irú yanrìn bẹ́ẹ̀ tí wọ́n dà fún àwọn ọmọdé ní Boston ní ọdún 1885 wà lára ohun tó bí pápá ìṣeré ọmọdé ní Amẹ́ríkà.

Ìbéèrè: Ṣé yanrìn odò Ògùn kì í tán ni?

Ìdáhùn: Ó ń padà wá, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni. Irú òkúta líle tí Olúmọ jẹ́ ni ó ń di yanrìn: oòrùn àti òjò a máa jẹ ẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, apá kan a di amọ̀, hóró tó le jù a sì ṣẹ́ kù fún àgbàrá láti gbá lọ sódò. Bí ohun tí wọ́n ń wà bá ju ohun tí àgbàrá ń gbé wá lọ, ìsàlẹ̀ odò a máa jìn sí i, bèbè rẹ̀ a sì máa ya, tòun ti oko tó wà lórí rẹ̀.