Àwìn ló ń rán ṣẹ́ẹ̀tì ní Bangladesh

Òwú tí wọ́n ń gbìn ní Bangladesh kò tó nǹkan. Síbẹ̀, nínú gbogbo 100 dọ́là tí orílẹ̀-èdè náà ń pa lórí ọjà tó ń tà sókè òkun, ó lé ní 80 tó jẹ́ owó aṣọ rírán. Àwọn tó ń rán an tó mílíọ̀nù 4, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Kì í ṣe owó tó wà nílẹ̀ ló gbé iṣẹ́ yìí ró. Àwìn ni.

Ká ní ilé-ìtajà kan ní Jámánì fẹ́ 100,000 ṣẹ́ẹ̀tì. Kò ní san kọ́bọ̀ sílẹ̀. Báńkì rẹ̀ á kọ lẹ́tà sí báńkì onílé-iṣẹ́ tó máa rán an ní Dhaka, olú-ìlú Bangladesh, pé bí ẹrù bá wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n dá, tí ìwé rẹ̀ sì pé, owó á wọlé. Lẹ́tà yìí làwọn oníṣòwò ń pè ní LC. Báńkì Dhaka á wá pọn lẹ́tà kejì sẹ́yìn ti àkọ́kọ́, á fi ránṣẹ́ sí aláṣọ ní Ṣáínà pé kó kó aṣọ wá ná, kó gba owó rẹ̀ lẹ́yìn bí oṣù 3 tàbí 4. Ṣẹ́ẹ̀tì tí wọn ò tíì gé ló ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún aṣọ tí wọ́n máa fi rán an!

Bí aṣọ náà bá gúnlẹ̀ sí èbúté Chittagong, kò ní san owó ibodè tí aṣọ tí wọ́n fẹ́ tà nínú ìlú ń san. Ilé-ẹrù tí ojú kọ́sítọ́ọ̀mù wà lára rẹ̀ ló ń wọ̀, ohun tó bá sì wọlé ní yáàdì gbọ́dọ̀ jáde ní ṣẹ́ẹ̀tì. BGMEA, ẹgbẹ́ àwọn onílé-iṣẹ́ náà, ló ń fọwọ́ sí iye aṣọ tí iṣẹ́ kan máa gbà. Àwọn kan ṣì ń yọ́ díẹ̀ tà lọ́jà Islampur, inú sì ń bí àwọn ahunṣọ ìlú.

Ní 1979, Desh, ilé-iṣẹ́ aránṣọ kan ní Bangladesh, kó 130 òṣìṣẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ Daewoo ní Kòríà. Ọ̀pọ̀ wọn fi Desh sílẹ̀ nígbà tó yá, wọ́n lọ bá àwọn ilé-iṣẹ́ tuntun ṣiṣẹ́ tàbí kí wọ́n dá tiwọn sílẹ̀. Ọgbọ́n ẹ̀rọ nìkan kò lè ṣe ìyẹn. Lẹ́tà tó pọn lẹ́tà àti ilé-ẹrù tí kì í san owó ibodè ló jẹ́ kí ẹni tí kò lówó aṣọ lè gba iṣẹ́ aṣọ.

Nígbà tí owó bá dé láti Jámánì, báńkì ló ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Òṣómàáló ayé àtijọ́ ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè ni. Ti báńkì rọrùn, ọwọ́ rẹ̀ ni owó ń gbà kọjá. Á yọ owó aláṣọ Ṣáínà, èyí tó sábà máa ń kó ìdá tó pọ̀ jù lọ, á yọ gbèsè tirẹ̀, kó tó kan iná mànàmáná àti owó oṣù. Láti December 2023, owó oṣù tó kéré jù lẹ́ka náà jẹ́ 12,500 taka, ìyẹn owó Bangladesh.

Ewu àwìn yìí ni pé ọ̀pọ̀ òǹrajà ti pa LC tì, ìwé àdéhùn lásán ni wọ́n ń fi ránṣẹ́, àwọn báńkì Dhaka sì ń gbà á bẹ́ẹ̀. LC kò ṣeé dédé fagi lé; ìwé àdéhùn ṣeé já. Nígbà tí Kòrónà dé ní 2020, iṣẹ́ tí àwọn òǹrajà fagi lé tàbí dá dúró ju bílíọ̀nù 3 dọ́là lọ. Lẹ́tà tó lọ sí Ṣáínà kò bá wọn dúró, ọjọ́ owó rẹ̀ ń pé. Ní April ọdún yẹn, pẹ̀lú òfin kónílé-ó-gbélé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn òṣìṣẹ́ aṣọ tú sí títì, wọ́n ń bèèrè owó oṣù tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán.