Ọwọ́ Tí Àwọn Òṣèré Ń Nà Sókè

Bí eré orí ìtàgé bá parí, tí àwọn òṣèré ti tẹrí ba fún èrò tán, ẹ ó rí i tí gbogbo wọn á jọ na ọwọ́ sí ọ̀kánkán ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, lókè lọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ wo eré ẹgbẹ́ mìíràn, ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi jẹ́jẹ́: "Ọmọ mi, ṣé Ọlọ́run ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ yẹn?" Mo ní, "Rárá, mà. Ẹni tó ń tan iná ni wọ́n ń kí." Màmá yíjú padà, wọ́n wo fèrèsé gíláàsì kékeré tó wà lókè ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Háà! Èèyàn wà níbẹ̀?"

Èèyàn wà níbẹ̀. Èmi náà, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹ. Stage manager ni orúkọ iṣẹ́ mi; ẹ jẹ́ ká pè é ní alábòójútó ìtàgé. Olùdarí ló ń pinnu bí eré yóò ṣe rí, ó sì lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pariwo lé wa lórí nígbà ìfidánrawò. Ṣùgbọ́n tí òǹwòran bá ti wọlé lálẹ́ ọjọ́ kìíní, iṣẹ́ tirẹ̀ ti tán nìyẹn. Á lọ dúró sẹ́yìn bí ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Ọwọ́ alábòójútó ni alẹ́ náà wà.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí. Ìwé eré kan wà níwájú mi, tí mo ti fi pẹ́ńsù kọ àmì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré: iná 14 níbí, ìró ààrá lọ́hùn-ún, kọ́tìnì nísàlẹ̀. Pẹ́ńsù ni, kì í ṣe bírò, torí olùdarí lè yí ọkàn padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ eré gan-an. Gbogbo àwa tó ń ṣiṣẹ́ la fi ẹ̀rọ sétí. Bó bá ku ìlà méjì kí àmì náà pé, màá ní, "Standby, iná 14." Ẹni tó wà nídìí iná á dá mi lóhùn. Tó bá wá kàn án gẹ́lẹ́, màá ní, "Go." Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn léwu púpọ̀. A kì í fi í ṣeré lórí ẹ̀rọ. Bí a bá tiẹ̀ fẹ́ dárúkọ rẹ̀ nínú àlàyé, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan la ń pè, G àti O, kí ẹnì kan má baà lọ rọ òjò nínú ìran ìgbéyàwó.

Nígbà tí iná bá kú pátápátá láàárín ìran méjì, ẹ̀yin rò pé eré dúró. Àsìkò yẹn gan-an ni eré le jù. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ènìyàn mẹ́rin tó wọ dúdú á gbé ìtẹ́ ọba kúrò, wọn á gbé àtẹ aláta dé. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ kọlu ẹnì kejì. Téèpù kéékèèké tó ń tàn nínú òkùnkùn la lẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fi mọ ibi tí ẹsẹ̀ àga yóò dé. Àwọn òṣèré tó mọṣẹ́ máa ń di ojú kan kí iná tó kú, kí ojú náà ti mọ́ òkùnkùn lára. Nítorí náà, tí ẹ bá rí i tí a ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ pa fóònù, kì í ṣe ìgbéraga. Fóònù kan ṣoṣo tó tàn ní ìlà kẹta lè fọ́ ojú ẹni tó ń gbé igi lọ nínú òkùnkùn yẹn.

Tábìlì ẹrù eré tún wà lẹ́yìn. A tẹ́ pépà funfun sí i, a ya àwòrán ohun kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀: igbá, àdá, lẹ́tà, ìrùkẹ̀rẹ̀. Tí àyè kan bá ṣófo, ẹ̀rù ti bà mí. Lálẹ́ ọjọ́ kan, òṣèré tó ń ṣe Báálẹ̀ mú ìrùkẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ fi lé eṣinṣin nínú yàrá ìmúra, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ó sì jáde síwájú èrò lọ́wọ́ òfo. Ìran tó kàn nìyẹn tó sì gbọ́dọ̀ nà án sí ọ̀dàlẹ̀! Onígángan ló kọ́kọ́ rí i. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ki Báálẹ̀ lákìítúnkì, oríkì tí kò sí nínú ìwé eré rárá. Kí ó tó mí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń gbé ẹrù ti wọ bùbá, ó sáré wọlé bí ìránṣẹ́ ààfin, ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé ìrùkẹ̀rẹ̀ kalẹ̀. Èrò pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni.

Ìdí nìyẹn tó fi ń dùn mí tí wọ́n bá kọ orúkọ àwọn onílù sí ìsàlẹ̀ ìwé pélébé eré, lẹ́yìn orúkọ ẹni tó ta gúgúrú. Nígbà tí Dúró Ládípọ̀ gbé eré rẹ̀, Ọba Kò So, lọ sí Berlin ní 1964, èdè Yorùbá ni wọ́n fi ṣe é níwájú àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá. Ẹ bi ara yín léèrè ohun tó ń sọ̀rọ̀ fún wọn, tí kì í bá ṣe bàtá àti dùndún, aṣọ àti ìrìn ara.

Ọ̀rọ̀ aṣọ nìyẹn wá kàn. Ní 1826, Clapperton, arìnrìn-àjò ará Bìrìtìkó, wo eré eégún aláré l'Ọ́yọ̀ọ́-Ilé. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òjòlá kan jáde wá láti inú àpò, òyìnbó ẹlẹ́yà kan náà sì jáde tí òtútù ń mú, tí àwọn ará ìlú ń fi rẹ́rìn-ín. Orúkọ òyìnbó tó ń wòran wà nínú ìtàn. Orúkọ ẹni tó rán awọ òjòlá yẹn kò sí níbẹ̀.

Ti Demas Nwoko, oníṣẹ́ ọnà, sàn díẹ̀. Òun ló ṣe àwòrán ìtàgé àti aṣọ fún eré Ọ̀mùtí tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá ṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963. Ọ̀pọ̀ àgbà tó wo eré náà rántí Ògúnmọ́lá bí ẹni rántí àná, bó sì ṣe yẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n igbó tí Lánkẹ́, ọ̀mùtí inú eré náà, wọ̀, ọwọ́ ẹnì kan ló dá a. Ní 2023, wọ́n fún Nwoko ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice fún iṣẹ́ ilé yíyà tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Ìtàgé wà nínú ohun tó fi kọ́ ọwọ́.

Nínú àwọn ẹgbẹ́ alárìnjó àtijọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀yìn àti iwájú. Nínú ẹgbẹ́ Ògúndé, tó di iṣẹ́ òòjọ́ ní 1945, àwọn ìyàwó rẹ̀ ló ń ṣeré, tí wọ́n ń jó, tí wọ́n tún ń lùlù. Lónìí, àwọn gbọ̀ngàn bíi Terra Kulture l'Ékòó ní ẹ̀rọ tó mú kí iṣẹ́ pín sí wẹ́wẹ́. Ó dára. Àmọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń pín ni orúkọ ń sọnù.

Tí ẹ bá fẹ́ yẹ́ wa sí, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì; ẹ má pè mí láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ pé kí n "ṣe yín wọlé". Ẹ tètè dé. Ẹ mú ìwé pélébé eré lọ sílé, tí ẹ bá sì ń kọ nípa eré náà sórí Facebook, ẹ dárúkọ ẹni tó ṣe iná àti ẹni tó rán aṣọ. Ẹ má sì bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀ nígbà eré. Àwọn kan fẹ́ kí gbọ̀ngàn pa lọ́lọ́ bí ilé ìwòsàn. Èmi ò sí lára wọn. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ bú ọ̀dàlẹ̀, ẹ gbe orin. Màá dúró dè yín kí n tó pe àmì tó kàn.

Màmá ọjọ́sí kò tètè lọ sílé. Nígbà tí èrò ti ń tú, wọ́n dìde, wọ́n kọjú sí fèrèsé gíláàsì náà, wọ́n juwọ́ sókè. Ó ṣe díẹ̀, iná kan lórí ìtàgé ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì.