Ohun Tí Ilé Ìpọntí Kékeré Lè Kọ́ Lára Géèmù Fídíò Nípa Bí A Ṣe Ń Fa Oníbàárà

Ilé ìpọntí kékeré kì í ní owó ìpolówó orí tẹlifíṣàn. Ohun tó ní ni oníbàárà tó jókòó síwájú káńtà rẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì. Àwọn tó ń ṣe géèmù fídíò mọ bí wọ́n ṣe ń lo irú àsìkò bẹ́ẹ̀ dáadáa, torí wọ́n mọ̀ pé ẹni tí géèmù bá sú níbẹ̀rẹ̀ kì í sábà padà sídìí rẹ̀ mọ́.

Báàjì, ìyẹn àmì ẹ̀yẹ fún àṣeyọrí, ni ọ̀pọ̀ ilé ìpọntí kọ́kọ́ máa ń mú lára géèmù. Xbox 360 ti ń fún àwọn tó ń gbá géèmù ní máàkì fún àṣeyọrí láti 2005, Untappd náà, áàpù tí àwọn ọ̀mùbíà fi ń kọ ohun tí wọ́n mu sílẹ̀, sì dé ní 2010 pẹ̀lú báàjì tirẹ̀. Báàjì dára, àmọ́ ohun tó níye lórí jù ú lọ ni bí géèmù ṣe ń kọ́ ẹni tí kò mọ nǹkan kan láìjẹ́ kí ojú tì í.

Ẹ wo ìpele àkọ́kọ́ nínú Super Mario Bros., tí Nintendo gbé jáde ní 1985. Kò sí ìlànà kankan lójú tẹlifíṣàn. Apá òsì ni Mario, ẹni tí èèyàn ń darí nínú géèmù náà, dúró sí, gbogbo àyè tó ṣófo wà lápá ọ̀tún, nítorí náà ọ̀tún ni èèyàn á forí lé. Ọ̀tá kékeré kan ń bọ̀ níwájú. Ẹni tí kò bá fò yóò pàdánù ẹ̀mí kan, ṣùgbọ́n kò tíì rìn jìnnà, kò sì ní ohun púpọ̀ láti tún ṣe. Ó ti mọ̀ pé fífò ni. Lẹ́yìn náà ni olú kan yọ jáde látinú àpótí tó ní àmì ìbéèrè, ó yọ̀ lọ sọ́tùn-ún, ó forí sọ páìpù, ó sì padà wá bá Mario, débi pé ó ṣòro láti yẹ̀ ẹ́. Bó ṣe fara kàn án, Mario di ńlá. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ti wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀.

Ẹ wá wo ẹni tó kọ́kọ́ wọ ilé ọtí ilé ìpọntí kan. Orúkọ ọtí 16 ló wà lára ògiri, pẹ̀lú orúkọ họ́ọ̀pù, òdòdó tó ń mú bíà korò, àti ìwọ̀n ọtí líle tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé kò mọ̀ ọ́n, ni yóò bá ní kí wọ́n fún òun ní èyíkéyìí tó bá rọrùn láti mu. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pàdánù rẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ ni ife ìtọ́wò mẹ́rin lórí pátákó kan, áúnsì 4 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ wọn jẹ́ áúnsì 16, ìyẹn páìǹtì Amẹ́ríkà kan péré. Ilé ìpọntí ni kó to ife náà, kì í ṣe àlejò. Kí lágà ṣáájú, kí ọtí àlìkámà tẹ̀ lé e, kí IPA, bíà tí họ́ọ̀pù rẹ̀ pọ̀, ṣe ìkẹta, kí stout dúdú kẹ́yìn. Ìkorò họ́ọ̀pù àti mọ́ọ̀tì (ọkà tí wọ́n mú hù, tí wọ́n sì gbẹ) tí wọ́n yan dúdú máa ń dúró lórí ahọ́n, nítorí náà bí IPA bá ṣáájú, lágà tó tẹ̀ lé e yóò dà bí omi. Kí ife kọ̀ọ̀kan kọ́ni ní ohun kan ṣoṣo: lágà fún adùn mọ́ọ̀tì, ọtí àlìkámà irú ti Jámánì fún òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kànáfùrù tí ìwúkàrà ń mú wá, IPA fún ìkorò, stout fún òórùn kọfí. Gbólóhùn kan lábẹ́ ife kọ̀ọ̀kan ti tó. Ẹ má ṣe fi ọtí kíkan ṣáájú láé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé ọtí ti bàjẹ́, kò sì ní gba ìyókù gbọ́. Ní Ìlú Ọba, òfin fàyè gba ife ìdá kan nínú mẹ́ta páìǹtì, nítorí náà ife mẹ́ta ni wọ́n máa ń tò níbẹ̀.

Ohun kejì ni ìlà tó ń fi hàn ẹni tó ń gbá géèmù ibi tó dé. Àwọn olùwádìí nípa ìwà oníbàárà, Joseph Nunes àti Xavier Drèze, dán an wò níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006. Wọ́n fún àwọn kan ní káàdì èrè oníbàárà tó ń fẹ́ òǹtẹ̀ 8 kó tó kún, òǹtẹ̀ kan fún ìfọ̀ kan. Wọ́n fún àwọn yòókù ní káàdì òǹtẹ̀ 10, ṣùgbọ́n wọ́n ti lu méjì sí i ṣáájú. Ìfọ̀ 8 náà ló kù fún àwọn méjèèjì, síbẹ̀ ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún ló parí ti àkọ́kọ́, ìdá 34 ló sì parí ti èkejì. Bí ilé ìpọntí bá fẹ́ lo káàdì, kó má fúnni ní èyí tó ṣófo. Kó lu òǹtẹ̀ kan fún pátákó ìtọ́wò, kó lu òmíràn fún oúnjẹ tí àlejò rà lọ́jọ́ náà.

Ibi tí géèmù ti lè gba ilé ìpọntí lọ́wọ́ àdánù owó gidi ni ìdánwò. Wọ́n ti ń ta Minecraft láti 2009 nígbà tí kò tíì parí, wọ́n ń tún un ṣe lójú àwọn tó rà á, títí tí odindi rẹ̀ fi jáde ní oṣù kọkànlá 2011. Ilé ìpọntí lè pọn àgbá kan kó tó pọn 10. Àgbá Amẹ́ríkà kan jẹ́ gálọ́ọ̀nù 31, ìyẹn ife áúnsì 16 tó 248 kí a tó yọ ohun tó dànù. Kí wọ́n fún ọtí náà ní nọ́ńbà, kì í ṣe orúkọ, kí ẹni tó ń tọ́ ọ wò má bàa fi orúkọ dá a lẹ́jọ́. Lẹ́yìn náà, kí agbọ́tí wo ohun tó ṣẹ́kù nínú ife. Ẹnu àlejò yóò ní ó dára nítorí ìwà ọmọlúàbí, ṣùgbọ́n ife tó padà sí káńtà ní àbọ̀ ti sọ òótọ́. Àwọn tó ń ṣe géèmù náà máa ń jókòó sẹ́yìn ẹni tó ń dán an wò, wọn kì í sọ̀rọ̀, wọ́n kàn ń ṣọ́ ibi tó ti há.

Ọtí tó wà fún ìgbà díẹ̀ náà ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n bá ṣírò rẹ̀ dáadáa. Àgbá 10 jẹ́ agolo áúnsì 16 tó 2,480. Bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún bá bá iṣẹ́ lọ, ó ku 2,232, ìyẹn páàkì agolo mẹ́rin-mẹ́rin 558. Bí ẹnì kan kò bá gbọ́dọ̀ rà ju páàkì méjì lọ, èèyàn 279 ló máa kárí. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kíkéde ọjọ́ kí ìwúkàrà tó parí iṣẹ́ rẹ̀. Ọtí tó bá ń rùn bíi bọ́tà kò tíì tó gbé jáde. Ó ṣì nílò ọjọ́ díẹ̀ nínú táǹkì. Kí wọ́n tọ́ ọ wò ná, kí wọ́n tó mú ọjọ́. Bí gbogbo ọ̀sẹ̀ bá sì di "ó kù díẹ̀ kó tán", kò sẹ́ni tó máa sáré wá mọ́.

Ohun kan wà nínú géèmù tí ilé ìpọntí kò gbọ́dọ̀ mú rárá: kíka iye. Géèmù lè san èrè fún ẹni tó ṣe nǹkan nígbà ọgọ́rùn-ún. Ọtí kò ṣe é ṣe bẹ́ẹ̀, torí ara èèyàn ló ń gbà á. Láti 2010 ni òfin ilé ọtí ní England àti Wales ti ka ìdíje mímu ọtí léèwọ̀. Lẹ́yìn òǹtẹ̀ méjì ti ìbẹ̀rẹ̀, òǹtẹ̀ kan péré lójúmọ́ ni kí káàdì gbà, kí ọtí tí kò ní líle àti oúnjẹ náà gba òǹtẹ̀, kí èrè rẹ̀ jẹ́ ife aláwòrán tàbí ìrìn àjò yíká ibi tí táǹkì wà, kó má jẹ́ ọtí ọ̀fẹ́. Kí wọ́n yẹ ọjọ́ orí wò kí wọ́n tó fúnni ní káàdì, 21 ní Amẹ́ríkà, 18 ní Ìlú Ọba. Kí agbọ́tí sì ní àṣẹ láti sọ pé ó tó, káàdì kún o, kò kún o.