Ààwẹ̀ tí a kì í ṣínu rẹ̀ nírọ̀lẹ́

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìmọ̀ràn ṣe ìyá àgbà kan ní jàǹbá. Apòògùn ni mí ní Leicester, ìlú kan ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù pọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìdílé Gujarati tí Idi Amin lé kúrò ní Uganda lọ́dún 1972. Ìyá yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ní àtọ̀gbẹ, gliclazide ló sì ń lò sí i. Ó ní òun máa gbààwẹ̀ Shivaratri, ti òrìṣà Híńdù tó ń jẹ́ Shiva, lọ́jọ́ kejì, kí ni kóun ti ṣe òògùn àárọ̀? Kíá ni mo dáhùn pé kó sún un di ìrọ̀lẹ́, kó lò ó nígbà tó bá fẹ́ ṣínu. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, sàárì àti ìṣínu ni mo gbọ́jú lé láti kékeré. Ààwẹ̀ wo ni a kì í ṣínu rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá wọ̀?

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ̀ pé wọn ò níí jẹun nírọ̀lẹ́? Ilẹ̀ á mọ́ kí wọ́n tó fẹnu kan oúnjẹ." Ara mi bù máṣọ. Gliclazide kì í dúró de oúnjẹ kó tó ṣiṣẹ́. Ká ní ìyá yẹn lò ó lórí inú òfìfo, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ ní ọ̀gànjọ́ òru, kí gbogbo ilé sì máa rò pé àdúrà ló wọ̀ ọ́ lára tó fi dijú.

Látìgbà náà ni mo ti ń kọ́ nípa ààwẹ̀ yìí. Mo ń kọ èyí fún ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú arúgbó nílé wọn, torí ọ̀pọ̀ wa la wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn níbí, ohun tí kò yé wa sì lè pa èèyàn lára.

Òru Shiva ni ìtumọ̀ Shivaratri ní Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà. Lóṣooṣù ló ń wáyé, ní ọjọ́ kẹrìnlá lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú, nígbà tí òṣùpá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lójú ọ̀run. Ti oṣooṣù ni wọ́n ń pè ní Masik Shivaratri. Èyí tó bá bọ́ sí oṣù Kejì tàbí Kẹta ọdún tiwa ni àgbà wọn, Maha Shivaratri, tí gbogbo ayé ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Lọ́dún 2026, ọjọ́ 15 oṣù Kejì ló bọ́ sí. Ti oṣooṣù ò láriwo rárá. Inú ilé ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń wọlé wá fún àrùn lóògùn lè má fura.

Ẹ má ṣe fi déètì oṣù tó kọjá sórí fóònù kí ẹ ní kó máa rán yín létí lóṣooṣù. Ọjọ́ òṣùpá ni wọ́n ń kà, tithi ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ṣe wákàtí 24 gérégé. Ó lè kúrú tó nǹkan bíi wákàtí 19, ó sì lè gùn dé 26, nítorí ìrìn òṣùpá ò dọ́gba. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé kí ọjọ́ kẹrìnlá yẹn wà níbẹ̀ ní ọ̀gànjọ́ òru ìlú tí èèyàn wà. Nípa bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ní Delhi kó jẹ́ alẹ́ Ọjọ́rú ní London. Ó tún níye ọdún tí oṣù kan ń lé sí i, kí ìṣirò òṣùpá lè bá ti oòrùn mu. Ọdún 2026 jẹ́ ọ̀kan, láti 17 oṣù Karùn-ún dé 15 oṣù Kẹfà, òru Shiva sì di mẹ́tàlá dípò méjìlá. Ẹ kúkú bi onílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹni tó fẹ́ gbààwẹ̀ á wẹ̀, á sì fẹnu ara rẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́. Sankalpa ni wọ́n ń pe èyí, inú rẹ̀ ló sì ti ń sọ irú ààwẹ̀ tó fẹ́ gbà. Àwọn kan ò ní mu omi pàápàá. Àwọn kan á máa jẹ èso kí wọ́n sì mu wàrà, àwọn mìíràn á jẹun lẹ́ẹ̀kan péré. Lójú tèmi, ibí yìí ni iṣẹ́ wa wà. Ẹni tó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú òrìṣà rẹ̀ pé omi ò ní kan òun lẹ́nu, ẹ ò lè yí i lọ́kàn padà ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni kí ẹ ti bá a sọ̀rọ̀, nígbà tí ẹ̀jẹ́ ò tíì jáde lẹ́nu.

Tílẹ̀ bá ṣú, ìsìn gan-an bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín òru sí, ẹni tó bá fẹ́ ṣe é délẹ̀ á máa da nǹkan sórí linga, òkúta tó dúró fún Shiva, ní ìpín kọ̀ọ̀kan: wàrà, lẹ́yìn náà yógọ́ọ̀tì, lẹ́yìn náà òrí àmọ́ tí wọ́n ń pè ní ghee, oyin ló gbẹ̀yìn. Wọ́n á gbé ewé bilva lé e, ewé olójú mẹ́ta tí igi rẹ̀ jẹ́ ìbátan ọsàn, wọ́n á sì máa wí Om Namah Shivaya ní ìgbà 108 pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́. Fún ti oṣooṣù, ọ̀pọ̀ tí mo mọ̀ kì í ṣe gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n á ṣe ti ọ̀gànjọ́ òru, wọ́n á sì sùn.

Ìtàn tí wọ́n fi ń ṣàlàyé àìsùn náà wà nínú Shiva Purana, ìwé mímọ́ wọn kan, ọmọ ọdẹ sì ni èmi, n ò lè fò ó. Ọdẹ kan wá ẹran títí, kò rí nǹkan kan, ebi ń pa òun àti àwọn ará ilé rẹ̀. Ó gun igi bilva lẹ́bàá odò, ó gbé omi dání, ó ń ṣọ́ ẹran bí ọdẹ tiwa ṣe ń ṣọ́ ọ lórí ẹ̀gùn. Kò mọ̀ pé linga wà nísàlẹ̀. Abo àgbọ̀nrín kan dé, ó na ọrun, ewé já, omi ta sílẹ̀ sórí òkúta. Ẹran náà bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kóun lọ fi àwọn ọmọ òun lé ẹni tó máa tọ́jú wọn lọ́wọ́, òun á padà wá. Ó jẹ́ kó lọ. Òmíràn tún dé, bákan náà ni. Akọ wọn dé, bákan náà ni. Nígbà tí gbogbo wọn padà wá lóòótọ́, ọwọ́ ọdẹ rọ, kò lè ta wọ́n mọ́. Ó ti gbààwẹ̀, ó ti ṣàìsùn, ó sì ti bọ Shiva láìmọ̀, Shiva sì fara hàn án.

Ẹ̀bi ni mo rò pé àwọn àgbàlagbà wọ̀nyí máa rò pé àwọn jẹ bí wọ́n bá lo òògùn lọ́jọ́ náà. Àlùfáà wọn kan ló là mí lóye. Ó ní nínú Mahabharata, ìwé ìtàn àtayébáyé wọn, níbi tí Vidura ti ń gba ọba Dhritarashtra nímọ̀ràn, nǹkan mẹ́jọ wà tí kì í ba ẹ̀jẹ́ jẹ́: omi, gbòǹgbò, èso, wàrà, òrí àmọ́ ìrúbọ, ohun tí Brahmin, ẹni ìdílé àlùfáà, bá béèrè, ọ̀rọ̀ ẹnu olùkọ́ ẹ̀sìn ẹni, àti òògùn. Òògùn wà níbẹ̀! Gbólóhùn yẹn ti ràn mí lọ́wọ́ ju ìwé ìléwọ́ èyíkéyìí lọ.

Oúnjẹ ààwẹ̀ náà bá ọ̀rọ̀ yẹn mu. Ìrẹsì, àlìkámà, ẹ̀wà, alùbọ́sà àti aáyù di èèwọ̀ ọjọ́ náà; iyọ̀ inú àpáta ni wọ́n ń fi sè é dípò iyọ̀ ojoojúmọ́. Àmọ́ yàtọ̀ sí alùbọ́sà àti aáyù, ọ̀pọ̀ ohun tó ta sábẹ́ ilẹ̀ ò léèwọ̀. Ẹ ó rí ànàmọ́, ọ̀dùnkún, àti nǹkan róbótó funfun kan tí wọ́n ń pè ní sabudana. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹ̀rín pa mí. Tapioka ni! Sítáàṣì gbágùúdá ni, Salem ní Tamil Nadu ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ rẹ̀. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn Potogí ti kó ẹ̀gẹ́ wá fún àwa náà. Ẹ̀yin tó jẹ gàrí dàgbà mọ ibi tí mo ń lọ: abọ́ sabudana kan pẹ̀lú ọ̀dùnkún nínú rẹ̀ lè gbé ṣúgà alátọ̀gbẹ sókè ju oúnjẹ ojoojúmọ́ rẹ̀ lọ. Torí náà ẹ má gbọ́ "ààwẹ̀" kí ẹ rò pé ṣúgà á lọ sílẹ̀ dandan. Ẹ béèrè ohun tó wà nínú abọ́.

Ní ti òògùn, èyí tí mo ń bẹ̀rù jù ni ínsúlínì àti àwọn tó ń fipá mú ara tú ínsúlínì jáde: gliclazide, àti glibenclamide tí wọ́n mọ̀ sí Daonil nílé. Metformin nìkan kì í sábà já ṣúgà lulẹ̀. Àwọn tí orúkọ wọn parí sí gliflozin ń fa ṣúgà àti omi jáde nínú ìtọ̀. Pẹ̀lú ààwẹ̀ láìmu omi, ẹ̀jẹ̀ lè kún fún ásíìdì bí ṣúgà ò tilẹ̀ ga. Òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú èèyàn tọ̀ léraléra náà gba àkíyèsí. Dókítà tàbí apòògùn ló ń yí wọn padà, kì í ṣe ẹ̀yin, kì í sì í ṣe aláìsàn. Bí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wo ṣúgà bá kà á sí ìsàlẹ̀ 4 (mmol/L) níbí, tàbí ìsàlẹ̀ 70 (mg/dL) lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò nílé ní Nàìjíríà, ààwẹ̀ parí nìyẹn: ife kékeré omi ọsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tún un wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Nǹkan kan tún wà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ààwẹ̀. Èèpo òògùn kápúsù sábà máa ń jẹ́ gelatin, láti ara màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀. Ẹni tí kì í jẹ ẹran lè máa tu ú sẹ́nu àpò láìsọ fún yín.

Ìyá yẹn ṣì ń gbààwẹ̀ rẹ̀. "Màmá" ni mo kọ́kọ́ ń pè é, ló bá rẹ́rìn-ín, ó ní arákùnrin ìyá ẹni ni "mama" lédè àwọn. Ba, ìyẹn ìyá, ni kí n máa pe òun. Òun náà ń pè mí ní beta, ọmọ mi. Dókítà ti fọwọ́ sí i pé gliclazide ò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn àfi pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀ ọjọ́ kejì. Lóṣooṣù, ọmọ rẹ̀ ń mú ìwé pélébé kan wá, déètì àti aago oúnjẹ wà lórí rẹ̀, mo sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Nísàlẹ̀ ti oṣù tó kọjá, ìyá fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Beta, èso ni omi ọsàn. Mo ti ra páálí méjì."