Ẹgbẹ́ Alpha Kappa Alpha lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà

Alpha Kappa Alpha, tí wọ́n sábà máa ń pè ní AKA, ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó ń lo lẹ́tà Gíríìkì láàárín àwọn obìnrin adúláwọ̀ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 15 oṣù Kínní ọdún 1908 ni Ethel Hedgeman àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá a sílẹ̀ ní Yunifásítì Howard, ní ìlú Washington, ẹ̀ka tó wà níbẹ̀ ló sì ń jẹ́ Alpha títí di òní. Ẹgbẹ́ náà ní ẹ̀ka àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀ka àwọn tó ti gboyè jáde, nítorí pé ẹni tó bá ti wọ ẹgbẹ́ kì í kúrò nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá parí ẹ̀kọ́. Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí bí nǹkan ṣe rí fún wọn láti ọdún 2020 sí 2022.

Iṣẹ́ ìlera ṣáájú kòrónà

Ó ṣòro láti lóye ohun tí ẹgbẹ́ náà ṣe lásìkò kòrónà láìkọ́kọ́ mẹ́nu ba Mississippi, níbi tí iṣẹ́ ìlera wọn ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní ọdún 1934, Ida Jackson, olùkọ́ kan láti Oakland tó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ nígbà náà, ṣètò ẹ̀kọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fún àwọn olùkọ́ ìgbèríko ní Lexington, ní ìpínlẹ̀ Mississippi. Kò pẹ́ tó fi hàn pé ìwé nìkan kò lè yanjú ìṣòro àwọn ọmọ tí àìsàn àti àìjẹunkánú ti gba ara wọn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Dókítà Dorothy Boulding Ferebee kó àwọn obìnrin tó yọ̀ọ̀da ara wọn jáde láti Washington, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí a wá mọ̀ sí Mississippi Health Project.

Ohun tí wọ́n gbèrò ni pé kí àwọn aláìsàn máa wá bá wọn ní ojú kan, ṣùgbọ́n àwọn olóko òwú kò gbà kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn kúrò lóko. Àwọn obìnrin náà wá di abẹ́rẹ́, òògùn àti irin iṣẹ́ sínú ọkọ̀ ara wọn, wọ́n sì ń wà á wọ inú oko lọ, tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ gan-an. Gẹ́gẹ́ bí Ferebee ṣe ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn alábòójútó oko a máa gun ẹṣin dúró tì wọ́n pẹ̀lú ìbọn, kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ. Wọ́n gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbóná àti ti difitéríà, wọ́n tọ́jú eyín, wọ́n sì kọ́ àwọn ìyá nípa oúnjẹ àti ìmọ́tótó. Ọdọọdún ni wọ́n ń padà lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, títí di ọdún 1942 tí ogun mú kí epo ọkọ̀ àti táyà di ohun tí ìjọba ń fi òṣùwọ̀n pín. Ó ṣeé ṣe kí èyí jẹ́ iṣẹ́ ìlera tó ṣe pàtàkì jù tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti dáwọ́ lé ní Amẹ́ríkà.

Ìgbésí ayé ẹ̀ka nígbà ìsémọ́lé

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòrónà ti di àjàkálẹ̀ àrùn káàkiri ayé. Howard gbé ẹ̀kọ́ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú oṣù náà, orí íntánẹ́ẹ̀tì náà ni wọ́n sì ti ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ sáà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Fún àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí, ìfarakanra ni ẹ̀mí ohun gbogbo. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tuntun bá fẹ́ fara hàn, wọn a tò tẹ̀ léra wọn pẹ̀lú aṣọ kan náà, ojú wọn a sì wà ní bíbò. Wọn a ka ìtàn ẹgbẹ́ àti orúkọ àwọn olùdásílẹ̀ láìwo ìwé, kí wọ́n tó wá ṣí ojú lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú ọ̀pọ̀ èrò. Irú ayẹyẹ báyìí dúró pátápátá, nígbà tó sì yá, àwọn ẹ̀ka kan ṣe é lórí fídíò tàbí ní gbangba ìta pẹ̀lú ìbòmú.

Ohun kan wà tó dáàbò bo àwọn ẹ̀ka adúláwọ̀ díẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ilé ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ń gbé pọ̀, bí ó ti wọ́pọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ aláwọ̀ funfun. Ní Yunifásítì Indiana, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, àyẹ̀wò fi hàn pé ní àwọn ilé ẹgbẹ́ kan, ó ju ìdajì àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò lọ tó ti kó àrùn náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ni wọ́n sì yà sọ́tọ̀.

Ìrànlọ́wọ́ fún ará ìlú

Ní Washington, àwọn adúláwọ̀ kò tó ìdajì olùgbé ìlú, síbẹ̀ wọ́n tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí kòrónà pa ní ọdún àkọ́kọ́. Pínpín oúnjẹ àti ìbòmú, pípe àwọn àgbàlagbà lórí fóònù, àti ìlanilọ́yẹ̀ nípa abẹ́rẹ́ àjẹsára ni a lè kà sí iṣẹ́ tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ẹ̀ka. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, ẹgbẹ́ náà kó owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là jọ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga tí a dá sílẹ̀ fún adúláwọ̀. Glenda Glover ni ààrẹ ẹgbẹ́ nígbà náà, òun kan náà ló sì ń darí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Tennessee.

Ìdìbò ọdún 2020

Kamala Harris, tó wọ ẹ̀ka Alpha ní Howard ní ọdún 1986, ni Joe Biden yàn gẹ́gẹ́ bí igbákejì rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Ẹgbẹ́ náà kì í ti olùdíje kankan lẹ́yìn, àmọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi dọ́là 19.08 ránṣẹ́ sí ìpolongo ìbò náà lọ́rúkọ ara wọn, iye tó dúró fún ọdún ìdásílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń búra fún Harris ní ọjọ́ 20 oṣù Kínní ọdún 2021, kòrónà àti ìkọlù ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó wáyé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kò jẹ́ kí èrò péjọ, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn wo ayẹyẹ náà nílé, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ péálì lọ́rùn. Péálì ogún ni àmì àwọn olùdásílẹ̀ ẹgbẹ́.

Ìpadàsẹ́nu iṣẹ́

Howard ṣílẹ̀kùn padà fún ẹ̀kọ́ ojúkojú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ó sì sọ abẹ́rẹ́ àjẹsára di dandan. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ẹgbẹ́ náà ṣe ìpàdé gbogbogbòò rẹ̀ ní ìlú Orlando, níbi tí Danette Anthony Reed ti gba ipò ààrẹ lọ́wọ́ Glover.